Eégbọn Ń Lọ sí Mẹ́kà

Àtìní, 30 Méè 1955. Ìkòròdú.

Tọ́rọ́ ni mo ra ìwé kékeré yìí. Owó tó yẹ kí n fi ra òwú dúdú ni. Ṣùgbọ́n tí n kò bá rí ibi da ọ̀rọ̀ inú mi sí, màá fi àlùmágàjí gún ènìyàn lójú, Eégbọn sì ni ẹni náà.

Eégbọn — èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yẹ̀kínì ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ bíi tèmi ni, aṣọ ló ń tà láwìn káàkiri Ìkòròdú. Ọ̀dọ̀ òṣómàáló kan ní Iléṣà ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì kọ́ ọ yanjú. Tó bá wá sin gbèsè, kì í jókòó, kì í dúró. Á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, á máa fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, á máa pariwo orúkọ rẹ títí àdúgbò á fi tú jáde. Àfi tó bá gbowó kó tó dìde. Bí eégbọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ etí ajá ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà wa.

Òun ló kó kákí àti pópúlínì fún mi láwìn ní Dìsẹ́ńbà. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá. Ìjọba ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń bọ̀ ní Jánúárì, gbogbo ọmọ ni yóò wọ ilé ìwé. Mo ní háà, ọdún tèmi dé! Mo rán yunifọ́ọ̀mù títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Àwọn òbí wá kó gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní kí wọ́n mówó wá, wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Owó kẹ̀? Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é." Wọ́n rò pé aṣọ wà nínú ọ̀fẹ́ náà! Wọ́n ní kí n lọ gbowó mi lọ́wọ́ ìjọba. Ọmọ ti wọ̀ ọ́, ọmọ ti fi jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Ta ni yóò gbà á padà?

Mo ti san mẹ́ta. Ó ku mọ́kànlá. Lónìí, Eégbọn lóṣòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Ó na ọ̀pá sí máṣíìnì ìránṣọ mi. Ó ní tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Júùnù tí n kò san, òun máa gbé e lọ.

Ọkọ̀ ìpẹja kan ni bàbá mi, tí wọ́n kú lóṣù yìí, tà kí wọ́n tó rà á fún mi. Bísíríyù ọkọ mi wà ní Kùmásí, ọdún kejì rèé, kò fi ìwé ránṣẹ́, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Máṣíìnì yẹn ni ọkọ mi. Òun náà ni oko mi. Tó bá lọ, kí ni mo fẹ́ máa jẹ?

Àtàlátà, 31 Méè.

Àwa mẹ́ta la jẹ Eégbọn lówó ní àdúgbò yìí. Èmi. Mùlíkátù tó ń ta ẹja yíyan lọ́nà Ẹbúté, tí ẹnu rẹ̀ mú ju eegun ẹja lọ. Àti Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ tí wọ́n ń hun ẹní, wọ́n á ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lónìí. Mùlíkátù ló sọ ọ́ lórúkọ: Ẹgbẹ́ Kò-Sí-Nílé. Nítorí ohun tí gbogbo wa ń ní kí wọ́n sọ fún un nìyẹn. Òfin ẹgbẹ́: ẹni tí Eégbọn bá lóṣòó sí lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjì tó kù gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ wọn wá jókòó tì í. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá nìkan jẹ èébú. Ẹni tó bá sì sunkún nítorí Eégbọn, kọ́bọ̀ kan ni owó ìtanràn. Ẹni tó bá sín Eégbọn jẹ jù lọ ni yóò gba kọ́bọ̀ náà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ san. Mùlíkátù ló gbà á. Ó fi ọ̀pá ìrokà gbá ilẹ̀, ó ká ẹsẹ̀, ó ní, "Mo ti lóṣòó níbí láti ayé Nóà!" Inú ẹkún ni mo ti bú sẹ́rìn-ín.

Àlàmísì, 2 Júùnù.

Ó wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eku kan wà níbẹ̀. Ó jọ pé òun náà jẹ ẹ́ lówó.

Sátidé, 4 Júùnù.

Ó kan Mùlíkátù lónìí. "Mùlíkátù o! Gbèsè kì í jẹrà o! Jáde!" Kíá, a ti gbé iṣẹ́ wa dé. Èmi gbé bọ́tìnnì, Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ gbé ẹní tí wọ́n ń hun lọ́wọ́. A kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú ìlóṣòó o, Bàbá. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé kò máa dùn yín?"

Ó ní kí a fi òun sílẹ̀. A ní rárá o, àgbà kì í dá jókòó. Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ wá na etí ẹní sí i, jẹ́jẹ́, wọ́n ní nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀, kó bá àwọn dì í mú. Ó ti dì í mú kó tó mọ ohun tó ń ṣe! Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó yà sí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ẹlẹ́ní. Èló ni?" Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bọ́tìnnì mì.

Mùlíkátù jáde níkẹyìn. Kọ́bọ̀ mẹ́fà péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kà á lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà. "Èyí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ ṣe àìsàn orúnkún." Mùsùlùmí ni, ó gbọ́dọ̀ ṣe àmín. Kọ́bọ̀ mẹ́fà, àmín mẹ́fà. Àmín ìkẹfà, eyín rẹ̀ ni ó gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, ó yíjú sí mi. "Aránṣọ, máa rín in dáadáa o. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò jìnnà mọ́." Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Jímọ̀, 10 Júùnù. Ẹ̀pẹ́.

N kò fẹ́ kọ èyí. Màá kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Ogójì ọjọ́ bàbá mi lónìí. Wọ́n se ìrẹsì. Àwọn àfáà pé, ẹbí pé, ilé kún dé ìloro. Mo jókòó láàrin àwọn àbúrò bàbá mi, ìborùn mi funfun, ọkàn mi rọ̀ díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí. Àfáà àgbà ń ṣàdúrà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ òkú. Mo gbọ́ ọ̀pá níta.

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú. Ó tẹ̀ lé mi dé Ẹ̀pẹ́! Ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi, ó lọgun: "Ẹ̀yin àfáà, ẹ dúró ná! Owó kákí mi lẹ̀ ń jẹ yẹn o! Sàárà tí ọmọ fi gbèsè ṣe, kò ní dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀!"

Irọ́ ni. Àwọn àbúrò bàbá mi ló dá owó ìrẹsì. Kọ́bọ̀ mi kò sí níbẹ̀, nítorí n kò ní. Ṣùgbọ́n àfáà kan ti yọ ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Mo rí i. Ìyàwó àbúrò bàbá mi fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo bẹ̀ ẹ́. Kò dìde. Ìgbà náà ni ìyá mi jáde. Ìyá mi tí wọ́n wà nínú opó, tí wọn kò gbọdọ̀ yọjú síta. Wọ́n jáde síta gbangba, wọ́n kúnlẹ̀ fún Yẹ̀kínì nínú iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n tú ṣílè mẹ́rin láti etí ìró, wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ó gbà á.

Yẹ̀kínì, mo búra fún ọ lónìí, lójú ilé bàbá mi. Màá gbẹ̀san. Tó bá gbà mí ní ogún ọdún, màá gbẹ̀san. Ohun tó bá dùn ọ́ jù láyé, ibẹ̀ ni màá ti mú ọ.

Sọ́ńdè, 12 Júùnù. Ìkòròdú.

Mo dé. Tábìlì nìkan ló wà nílẹ̀. Ihò mẹ́rin tí wọ́n ti tú ìdè máṣíìnì ń wò mí.

Àná ló wá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò tíì pé! Ó sọ fún onílé mi pé èmi ni mo rán òun, pé mo fi ṣe ìdógò. Onílé ní òun rò pé òótọ́ ni, àgbàlagbà kì í purọ́. Ẹ ò ráyé!

Mùlíkátù àti Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ wá. Mo fún wọn ní tọ́rọ́ lápapọ̀, mo ní ẹ gba ti ẹkún mẹ́ta sílẹ̀ ná. Mùlíkátù kò gbà á. Ó ní ẹkún òní kò ní ìtanràn. Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ sun ilé mi mọ́jú, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Àlàrùbá, 15 Júùnù.

Kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì gan. Kó lóṣòó kó má lè dìde mọ́. Kí adìyẹ máa yé ẹyin sí i lábẹ́.

Àlàmísì, 16 Júùnù.

Ọwọ́ ni mo fi ń ránṣọ. Bùbá kan, ọjọ́ méjì. Oníbàárà mẹ́ta ti kó aṣọ wọn lọ. Ìka ìfábẹ̀lá mi ti bó. Mo fi ẹ̀jẹ̀ kan bùbá Ṣẹ̀rífátù alákàrà, ó ní kí n máa bọ̀ wá fọ̀ ọ́.

Jímọ̀, 17 Júùnù.

Ọlọ́run tóbi! Ọlọ́run ò sùn!

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àfáà Tìrìmísíyù dárúkọ àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí láti àdúgbò wa. Mẹ́rin ni wọ́n. Ẹni kẹta, Yẹ̀kínì. Ó dìde, ó fi agbádá gbálẹ̀, gbogbo ènìyàn ń kí i. Àlájì ọ̀la!

Àfáà wá ní kí wọ́n jókòó ná. Wọ́n ní, "Ẹ̀tọ́ tí ẹ jẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè fojú fò ó. Ẹ̀tọ́ tí ẹ jẹ ẹ̀dá, àfi kí ẹ̀dá fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda yín. Ẹ lọ bá gbogbo ẹni tí ẹ ti ṣẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Tí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ dúró sílé. Ìrìnàjò asán ni."

Mo wà lẹ́yìn láàrin àwọn obìnrin. Mùlíkátù fún mi ní ìgbọ̀nwọ́, ẹgbẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. A dé ilé, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ó ń bọ̀! Rọ̀kíbátù, ó ń bọ̀ wá lóṣòó fún wa!"

Àtìní, 20 Júùnù.

Ó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Wọn kò jẹ́ kó bẹ̀ tán tí wọ́n fi ní àwọn ti yọ̀ǹda. Wọ́n ní àgbà ni àwọn, àwọn kò fẹ́ gbé ẹrù kankan dé ọ̀run. Inú bí mi débi pé n kò kí wọn kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ti Mùlíkátù dùn ju oyin lọ. Ó ní òun gbọ́, òun máa dárí jì í, ṣùgbọ́n ọrùn ń dun òun, apẹ̀rẹ̀ ẹja òun ṣì wà ní Ẹbúté. Eégbọn! Pẹ̀lú agbádá! Ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan láti Ẹbúté dé ọjà. Mùlíkátù ń tẹ̀ lé e, ó ń ní, "Ẹ polówó o, Bàbá. Ẹja kì í ta ara rẹ̀." Ó polówó. Ohùn rẹ̀ jáde tín-ín-rín, "Ẹja yíyan rèé o." Gbogbo ọjà dìde dúró. Epo ẹja ń kán sí i lọ́rùn.

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí. Ṣùgbọ́n ti Mùlíkátù nìyẹn. Tèmi kọ́.

Àlàrùbá, 22 Júùnù.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. "Rọ̀kíbátù, ọmọ ìyá mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ bíi tèmi."

Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, "Rọ̀kíbátù kò sí nílé."

Ó ní, "Ìwọ kọ́ nìyí?"

Mo ní, "Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó lọ ṣe sàárà bàbá rẹ̀. Ẹ padà wá lọ́la."

Ó dúró pẹ́. Mo ń rán bọ́tìnnì mi lọ. Nígbà tó yá, ó lóṣòó. Kò mú ọ̀pá wá. Kò pariwo. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi yí sí i lójú.

Àlàmísì, 23 Júùnù. Ó padà wá. Kò sí nílé.

Jímọ̀, 24 Júùnù. Kò sí nílé.

Sátidé, 25 Júùnù.

Ó ti tà á.

Mùlíkátù kó ẹja lọ sí Ìgbògbò lónìí, ó rí máṣíìnì mi nínú ṣọ́ọ̀bù Ọláṣẹ́gun télọ̀. Ó dá a mọ̀: àmì ìdí ìkòkò gbígbóná wà lára pákó rẹ̀. Ọláṣẹ́gun ní pọ́n-ùn méjìlá ni òun rà á, pé ọwọ́ Bàbá tó ń lọ sí Mẹ́kà ni. Pé wọ́n ń wá owó kún owó ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ mi o! Máṣíìnì mi ló fẹ́ gùn lọ sí Mẹ́kà! Ó ń bẹ̀ mí fún àforíjì láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń pè mí ní ọmọ ìyá rẹ̀, owó máṣíìnì mi sì wà nínú àpò agbádá rẹ̀!

Mo sáré lọ bá Àfáà Tìrìmísíyù láìwọ bàtà. Mo ro gbogbo rẹ̀: ti Ẹ̀pẹ́, ti ìyá mi, ti onílé tó purọ́ fún, ti Ìgbògbò. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní, "Gbèsè jẹ́ gbèsè, Rọ̀kíbátù, wàá san án. Ṣùgbọ́n ohun tó fi èrú gbé, tó tún tà, olè ni." Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́.

Mo ní nǹkan méjì. Kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó kúnlẹ̀ fún ìyá mi níbi tí ìyá mi kúnlẹ̀ sí. Kí máṣíìnì mi padà sórí tábìlì mi. Láìsí méjèèjì, kó máa lọ sí Mẹ́kà ní òfo.

Àtìní, 27 Júùnù.

Ó ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ ló sọ fún mi. Ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, lójú ọ̀sán, lójú àwọn àbúrò bàbá mi. Ó dá ṣílè mẹ́rin padà, ó fi ogún lé e. Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi: "Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi láàánú. Bàbá mi ni mo jọ.

Àlàmísì, 30 Júùnù.

Ọláṣẹ́gun télọ̀ kò fẹ́ ta máṣíìnì padà. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní tí Bàbá bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n mú pọ́n-ùn méjìdínlógún wá.

Ẹgbẹ́ Kò-Sí-Nílé gbéra lódindi, a lọ sí Ìgbògbò lọ wòran. A ra àgbàdo sísun lọ́nà. Eégbọn rèé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ọláṣẹ́gun, ó lóṣòó! Ó lóṣòó tán pátápátá, ó ń pe Ọláṣẹ́gun tí kò tó ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn ní "Ọ̀gá mi". Ọláṣẹ́gun ń wa ẹ̀rọ lọ, gẹrẹrẹ, kò gbójú sókè. A jókòó sábẹ́ igi lódìkejì, a ń jẹ àgbàdo. Mùlíkátù ní, "Bàbá, ẹ kú ìlóṣòó o!" Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ ní kí a máa lọ, ó tó. Mo ní kò tó.

Sátidé, 2 Júláì.

Ó ti dé! Máṣíìnì mi wà lórí tábìlì. Mo fọwọ́ pa á bí ọmọ tuntun. Mo da epo sí i, mo wà á lófo, ó dún. Eégbọn san pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ní ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún un.

Àfáà Tìrìmísíyù jókòó, àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó, onílé mi náà jókòó, ojú ń tì í. Eégbọn kúnlẹ̀. Kò lóṣòó, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ṣìnà, ó ní iṣẹ́ òun ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀, pé tí èèyàn bá ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹlẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á kú. Àfáà ní, "Rọ̀kíbátù?"

Mo ní, "Mo ti yọ̀ǹda yín." Ó ti ẹnu mi jáde. Inú mi kò gbọ́ sí i.

Ó wá tú àpò, ó mú odindi aṣọ funfun jáde. Aṣọ hàrámì ni, méjì tí wọ́n ń ró tí wọ́n sì ń fi kọ́ èjìká tí wọ́n bá fẹ́ wọ Mẹ́kà. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Ó ní kí n bá òun gé e sí méjì, kí n ká a, nítorí ọwọ́ ẹni tó dárí jini kẹ́yìn ló ní ìbùkún jù. "Má ṣe jẹ́ kí òwú kàn án o, Aránṣọ." Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ wá gbà á lọ́la.

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn. "Tí mo bá ti Mẹ́kà dé, a jọ máa ṣírò pọ́n-ùn mọ́kànlá yẹn o!" Ó lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ó ti gba àforíjì tán, ó ti nu ara rẹ̀ mọ́, Àlájì ni yóò bọ̀, yóò sì tún padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Kí wá ni mo gbà?

Sọ́ńdè, 3 Júláì.

Ọ̀sán gangan. Mo ti ilẹ̀kùn.

Mo gé aṣọ náà sí méjì, ó gún régé. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo fa òwú funfun sí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Mo ká igun ọ̀kan, ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí ojú kì í dé. Mo gún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan fún bàbá mi tí Eégbọn kò jẹ́ kí àfáà dárúkọ wọn tán. Ọ̀kan fún ìyá mi nínú iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀kan fún èmi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo so ó ní kókó, mo fi eyín gé e. Èmi tí mo rán an, mo wá a lẹ́yìn náà, ó pẹ́ kí n tó rí i.

Kó máa yí Kàábà ká. Kó máa ké "Làbáíkà". Aṣọ rírán ló wọ̀. Asán ni. Owó ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ tó tà, àgbà tó ń lóṣòó káàkiri Ìgbògbò, asán ni gbogbo rẹ̀. Yóò sì dé, wọn yóò máa pè é ní Àlájì, èmi nìkan ni màá mọ̀ pé kò lọ sí ibì kankan. Mo ti san án fún ọ, Yẹ̀kínì.

Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ wá gba aṣọ náà lẹ́yìn ìrun alásàrí. Obìnrin jẹ́jẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní Ọlọ́run yóò rán mi náà lọ. Mo ní àmín.

Àtìní, 4 Júláì.

Wọ́n lọ. Wọn yóò wọ rélùwéè lọ sí Kánò, bàálù ni yóò gbé wọn níbẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo juwọ́ sí i.

Jímọ̀, 8 Júláì.

Mo rán bùbá mẹ́rin lónìí. Mo kọrin. Ṣẹ̀rífátù alákàrà ní ojú mi ti dán. Mo sùn bí òkúta.

Àlàmísì, 14 Júláì.

Wáyà dé láti Kánò lánàá: bàálù wọn ti gbéra ní Àtàlátà. Lónìí, Kúlúsúmù ránṣẹ́ pè wá, àwa Kò-Sí-Nílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sí ilé Àfáà Tìrìmísíyù. Mùlíkátù ní, "Ó ti dé! Ó fi ìyàwó sípò kó máa bá a sin gbèsè." A ń rẹ́rìn-ín wọlé.

Àfáà ní gbogbo ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ló ń kọ ìwé sílẹ̀, bí ikú bá lọ dé. Pé Yẹ̀kínì fi tirẹ̀ síkàáwọ́ àwọn, ó ní kí àwọn má ṣí i títí ẹsẹ̀ òun yóò fi kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n ṣí i, wọ́n kà á. Ilé ti Kúlúsúmù. Ọkọ̀ ojú omi ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà: "Àpínkẹ́ ẹlẹ́ní, Mùlíkátù ẹlẹ́ja, Rọ̀kíbátù aránṣọ. Gbogbo owó mi tó wà lọ́wọ́ wọn, mo yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Bí mo kú, bí mo dé, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n léèrè."

Mùlíkátù kígbe. Ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́ forí kanlẹ̀. Èmi ní, "Ọjọ́ wo ló kọ ọ́?"

Àfáà wò ó. "Jímọ̀, ọjọ́ kìíní Júláì."

Ọjọ́ Jímọ̀. Sátidé ló wá sọ́dọ̀ mi. Kúlúsúmù ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó ní nígbà tó ti ọ̀dọ̀ mi dé lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ó ní òun fi pọ́n-ùn mọ́kànlá dẹ́rù bà yín lẹ́nu ọ̀nà, pé ojú yín yí padà. Ó ní ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìwé yìí, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín."

Mo jẹ́ kí àwọn yòókù ṣíwájú. Mo bi Àfáà, bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn. Mo ní tí òwú bá ti kan aṣọ hàrámì, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò mọ̀ ńkọ́?

Wọ́n ní, "Ẹni tí kò mọ̀ kò lẹ́bi. Ọlọ́run yóò gba tirẹ̀." Wọ́n ń ká ìwé náà padà. "Ọrùn ẹni tó mọ̀ ni ẹ̀bi náà wà. Èéṣe tí o fi ń béèrè?"

Mo ní mo kàn béèrè ni.

Mùlíkátù ń dúró dè mí níta, ó ti bẹ̀rẹ̀ ijó. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí ló dé tí mo fajú ro, ṣé n kò gbọ́ ni, a ti bọ́, a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ mọ́! Ó ní kí n rẹ́rìn-ín.

Mo rẹ́rìn-ín fún un.